Ìkòkò Ẹ̀wà Mẹ́rin ní Ìlú Ṣebí-A-Ti-Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ sún mọ́ra. Ìwọ tí o jókòó sẹ́yìn pátápátá kí o lè ríbi yọ́ jáde, mo ti rí ọ. Ojú tí ó ń rí ẹtu nínú igbó kìjikìji kò ní ṣàìrí ọ nínú gbọ̀ngàn tí iná ń tàn yìí. Èmi ni Ọdẹ́wálé, ọdẹ tí àwọn ẹkùn agbègbè yìí fi ń dẹ́rù ba ọmọ wọn. Ogójì ọdún ni mo fi dẹgbó kí n tó wá di ẹni tí ń ṣọ́ igbó ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìtẹ́ ló ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìwádìí. Ó ní òun ti sọ ọ́ títí, fóònù ni ẹ ń wò. Ọ̀rọ̀ ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní í gbàgbé láti dárúkọ ara mi níbi tí ó bá yẹ. Ọ̀rọ̀ Ìbídùnní ọmọ Láwọyin ni. Mo bá a dé ibì kan nínú ìrìn-àjò náà. Ibi tí ojú mi kò dé, òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi, ó sì ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí mi létí.

Ọdún kejì ni Ìbídùnní wà ní yunifásítì nígbà náà. Ọmọ Òkè-Ìdó ni, níbi tí gbogbo ilé ti ń gbin ẹ̀wà. Ẹ̀wà wọn a máa ṣe dáadáa lóko, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó o sílé tán, kòkòrò a wọ̀ ọ́. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó wà nínú àpò kì í ṣe ẹ̀wà mọ́, ìyẹ̀fun ni. Láwọyin bàbá rẹ̀ ti da eérú sí i, ó ti da ata gbígbẹ sí i. Níkẹyìn ó ra oògùn apakòkòrò kan tí kò lórúkọ lára, ó bù ú sínú àpò. Kòkòrò kò kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ nínú ẹ̀wà náà dùbúlẹ̀ sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn délé ni Láwọyin sọ pé òun kò gbin ẹ̀wà mọ́ láyé. Kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Láàárín ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìtẹ́ wọ kíláàsì wọn. Ó ní ìlú àwọn ìwin kan wà nínú igbó, níbi tí ẹ̀wà ti ń pé ọdún mẹ́ta nínú ìkòkò láìsí ihò kòkòrò kan lára rẹ̀. Ó ní òun ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lo ìsinmi rẹ̀ láti lọ wádìí ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ẹ̀yin ìbá wà níbẹ̀.  Ọ̀kan ní ìwádìí kò yẹ ọmọdé, àwọn tí orí wọn ti funfun ni kí wọ́n rán. Òmíràn ní ìwé-ẹ̀rí ni òun wá gbà, òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn ẹ̀wà. Ẹnì kan sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, bẹ́ẹ̀ ó gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ má rò pé Ìbídùnní gbóyà jù wọ́n lọ. Ó nawọ́ sókè láti béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí yóò jáde nínú ìdánwò ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó tẹ̀ lé Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ọ́fíìsì, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé àṣìṣe ni. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà, wàhálà rẹ̀ nìkan ni òun mọ̀ láti ilé.

"Ìdí tí mo fi ń rán ọ gan-an nìyẹn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, kí ni o tún fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

Ó fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ kan àti báírò méjì, ó ní ohun tí ó bá rí ni kí ó máa kọ, kì í ṣe ohun tí ó wù ú kí ó rí. Ìbídùnní di àpò kékeré kan nínú ẹ̀wà oníkòkòrò ti bàbá rẹ̀ mọ́ ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ránṣẹ́ sí ọkùnrin, ìyẹn èmi, pé kí n mú un dé ọ̀nà.

A la igbó kan kọjá tí àwọn igi rẹ̀ na gbòǹgbò sí ojú ọ̀run, tí wọ́n ri ewé mọ́lẹ̀. A gba etí odò kan tí omi rẹ̀ ń ṣàn gòkè, àwọn ẹja rẹ̀ sì jókòó sí bèbè, wọ́n ń yá oòrùn. Níbẹ̀ ni mo ti pa ejò olórí mẹ́ta. Ẹ kò bi mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìbídùnní ní orí kan ni òun rí, pé ẹ̀ka igi ni méjì tó kù. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó rí ohun tí mo lè sọ.

Ẹnubodè ìlú àwọn ìwin náà ni a ti bá Eléékún-Mẹ́rin. Ìwin yìí ga tó òpó iná mànàmáná, eékún méjì sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ jókòó, ń ṣe ni ó ń ká ara rẹ̀ bí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Ó nàka sí ìrókò kan lẹ́yìn wa lọ́hùn-ún. Ó ní kí oníkálukú wa sọ iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láti ìdí ìrókò yẹn dé ibi tí òun jókòó sí. Ẹni tí ó bá fi òótọ́ dáhùn yóò wọlé, ẹni tí ó bá bu irọ́ lé e, ilẹ̀ yóò dì í mú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Ọdẹ tí ó ti fi ojú lásán wọn ọ̀nà ọta ìbọn fún ogójì ọdún, kí ni yóò máa rò? Mo ní igba ni, kò lé, kò dín. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ilẹ̀ fi gbé mi mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo lè fa ẹsẹ̀ mi yọ nígbà yẹn bí mo bá fẹ́, bàtà mi tuntun ni mi ò fẹ́ kí ó bàjẹ́.

 Ìbídùnní wo ẹsẹ̀ mi nínú ilẹ̀, ó wo ìrókò, ó wá sọ fún ìwin náà pé òun kò mọ̀ ọ́n, kí ó jẹ́ kí òun lọ kà á. Ó rìn padà dé ìdí ìrókò, ó ń kà bọ̀. Irinwó ó lé méjìlá ni. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó tún padà lọ, ó jẹ́ irinwó ó lé mẹ́sàn-án. Ó lọ nígbà kẹta, ó di irinwó ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òógùn bò ó. Mo ń ṣẹ́jú sí i pé kí ó mú ọ̀kan nínú wọn kí ó sọ ọ́ bí ọkùnrin. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò dà bí ẹni pé òun kò lè ka nǹkan. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí òun bá mú ọ̀kan, òun yóò máa fi pamọ́ pé méjì mìíràn wà.

"Bàbá," ó wí, "ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì jẹ́, torí ìṣísẹ̀ mi kì í gùn bákan náà. N kò lè búra pé iye kan báyìí ni. Ṣùgbọ́n ó wà ní àyíká irinwó ó lé méjìlá."

Eléékún-Mẹ́rin tú eékún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dìde dúró. Ó ní láti ìgbà tí bàbá bàbá òun ti ń ṣọ́ ẹnubodè náà, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló máa ń dáhùn láti orí ìdúró, kò sí ẹni tí ó tíì padà lọ kà á. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ fún un pé òun pàápàá kò mọ iye rẹ̀. Ó yá báírò rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ara ọwọ́n ẹnubodè, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ní tèmi, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni ilẹ̀ yóò fi mú mi. Ó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi jẹ, a sì jọ ń ta ayò. Gbogbo ìgbà tí ó pa mí, mo kàn jẹ́ kí ó pa mí ni.

Ìbídùnní dá wọ inú ìlú lọ. Ṣebí-A-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan kan níbẹ̀. Bí ìwin méjì bá pàdé lọ́nà, ọ̀kan á ní, "Mo ti mọ̀," èkejì á ní, "Èmi náà ti mọ̀," oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọba wọn dé adé tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìwin méjì fi ń bá a dì í mú ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó gba Ìbídùnní pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó sì mú un lọ sí àká ẹ̀wà.

Ìkòkò tò lọ rẹrẹ nínú àká náà. Ìbídùnní bu ẹ̀wà ọlọ́dún mẹ́ta ní ọwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó là á sí méjì. Kò sí ihò, kò sí ìyẹ̀fun. Ó rántí àpò bàbá rẹ̀, omi sì lé sí i lójú. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.

Ọba ní orin ni. Ó pe ìyá arúgbó kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ohùnògbẹ. Ìyá náà kéré, ó tẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ìgàn. Ọgọ́fà ọdún ni ó ti ń kọrin fún ẹ̀wà ìlú náà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé bí orin rẹ̀ bá dákẹ́, kòkòrò yóò wọlé.

"Kábíyèsí," ni Ìbídùnní wí, ó kúnlẹ̀, "ṣé ẹ ti fi ìkòkò kan sílẹ̀ rí láìkọrin fún un, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀?"

 Ẹ ò rí i, ìbéèrè kò wọ ìlú náà rí, wọn kò mọ bí a ṣe ń gbà á lálejò. Ọ̀kan nínú àwọn tó di adé mú jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orí ọba sì fì sápá kan. Inú bí ọba. Ó ní ọmọ ènìyàn yìí ń pe òun ní òpùrọ́. Ó ní kí ó dúró ní ìlú náà fún oṣù mẹ́rin. Bí oṣù mẹ́rin bá pé tí kò lè fi ohun mìíràn han gbogbo ìlú pé òun ló ń tọ́jú ẹ̀wà, yóò máa pọn omi ààfin fún ọdún méje. Ìbídùnní fẹ́ sọ pé òun kàn béèrè ni. Ó rí i pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, ó gbà.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń wo ọwọ́ Ohùnògbẹ. Ìyá náà a bu ẹ̀wà kún ìkòkò dé ẹnu, a fi ọmọrí dé e, a wá yọ́ ìda oyin, a fi rẹ́ etí ọmọrí náà yíká títí abẹ́rẹ́ kò fi lè rí ibi gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò tó kọrin. Ìbídùnní bi í pé kí ni ìda wà fún. Ó ní kí eruku má wọlé ni, ìyẹn kì í ṣe nǹkan gidi. Ìbídùnní kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fa ìlà sí i nídìí. Ó ti ń rò ó pé kòkòrò náà ní ẹ̀mí, ohun tí ó bá sì ní ẹ̀mí gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ mí.

Ó gba ìkòkò mẹ́rin. Ó kó ẹ̀wà tó dára sínú wọn, ó wá ka ogún kòkòrò láti inú àpò bàbá rẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ yóò gba ìda, yóò sì gba orin. Ti kejì yóò gba ìda láìsí orin. Ti kẹta yóò gba orin láìsí ìda. Ti kẹrin kò ní í gba nǹkan kan.

Ó dára títí dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò sàmì sí wọn lára. Nígbà tí oṣù kìíní fi ń parí lọ, àwọn agbálẹ̀ ààfin gbá àká, wọ́n kó ìkòkò síbí, wọ́n kó o sọ́hùn-ún. Nígbà tí ó padà dé, kò mọ èyí tí a kọrin fún nínú wọn mọ́. Oṣù kan lọ sófo. Àwọn ìwin pé lé e lórí, wọ́n ń sọ pé àwọn ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò, ó sunkún títí imú rẹ̀ fi dí. Ó ń ro ọdún méje, ó ń ro bàbá rẹ̀ tí yóò máa dúró dè é.

Ohùnògbẹ ló wá bá a. Ó ju èédú kan sí i lẹ́sẹ̀, ó ní kí ó fi kọ nǹkan sí wọn lára, kí ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta ṣì kù.

"Ìyá," ni Ìbídùnní wí, "bí ó bá wá já sí pé orin yín kọ́ ńkọ́?"

 Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò.

Oṣù mẹ́ta yẹn kò rọrùn fún àwọn méjèèjì. Ojoojúmọ́ ni Ìbídùnní ń gbétí lé ìkòkò, tí ó ń kọ ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́. Ohùnògbẹ a kọrin fún ìkòkò kìíní, a kọjá ìkòkò kejì, a kọrin fún ẹ̀kẹta. Bí ó bá dé iwájú ìkòkò tí kò yẹ kí ó kọrin fún, ẹnu rẹ̀ a là fúnra rẹ̀, a sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀bẹ̀ pé ṣé òun lè kun orin náà sínú díẹ̀ lásán. Ìbídùnní ní, "Rárá, Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́." Arúgbó náà rìn yípo ààfin, ó lọ kùn ún sí ìdí ògiri kan tí ó jìnnà. Ó lè yọ́ kọrin náà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà bọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbogbo ìlú péjọ sí ojúde ààfin ní ọ̀sán gangan. Wọ́n gbé ìkòkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, àmì èédú wà lára wọn. Wọ́n ṣí ti kẹrin, èyí tí kò gba nǹkan kan, ìyẹ̀fun ló tú jáde pẹ̀lú kòkòrò. Ìlú kùn pé àwọn ti mọ̀. Wọ́n ṣí ti kẹta tí a kọrin fún láìsí ìda, ìyẹ̀fun ni.  Wọ́n ṣí ti kìíní, ẹ̀wà mọ́ rekete. Ó wá ku ti kejì, èyí tí a fi ìda dí, tí kò gbọ́ orin kan rí. Ọba fúnra rẹ̀ ló bá Ìbídùnní ṣí i. Ẹ̀wà inú rẹ̀ ń dán bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lóko, ogún kòkòrò sì ti kú sí ojú rẹ̀ lókè.

Ọba wo ẹ̀wà náà pẹ́. Ó ní bóyá orin ló gba ara ìkòkò kìíní kọjá sí ti kejì, ṣebí ìtòsí ara wọn ni wọ́n wà.

Àwọn ìwin rò pé Ìbídùnní yóò bínú. Kò bínú. Ó ní, "Kábíyèsí, ìbéèrè tó dára ni ẹ bi yẹn. Bí orin bá ń rìn báyẹn, kí ló dé tí kò fi gba ti kẹta là, tí a ń kọ ọ́ sí létí? Ṣùgbọ́n ẹ lè gbé ìkòkò méjì jìnnà síra, kí ẹ tún un wò."

Kò sí ẹni tí ó tíì yin ọba náà fún ìbéèrè rí láyé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n sọ adé kalẹ̀ fún òun ná, kí òun lè ronú. Ó dá Ìbídùnní sílẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

Ṣùgbọ́n Ìbídùnní kò lè yọ̀. Ohùnògbẹ ti jókòó sí ìdí ògiri, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ìbídùnní lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì.

"Má bẹ̀ mí, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ọgọ́fà ọdún ni n kò fi sinmi lọ́jọ́ kan. Àbúrò mi bímọ lódì kejì odò, n kò lọ kí i. Àìsàn dá mi gúnlẹ̀, wọ́n gbé mi lọ kọrin. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, ebi yóò pa ìlú." Ó gbójú sókè. "Ṣé òótọ́ ni pé mo lè lọ sílé àbúrò mi báyìí?"

Ìbídùnní ní òótọ́ ni. Ìyá náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà odò lọ láìwẹ̀yìn.

Nígbà tí Ìbídùnní jáde sí mi lẹ́nubodè, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lò nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n irun tí ó dì lọ́sẹ̀ tí a kúrò nílé ti hù jáde ní ìka mẹ́rin: oṣù mẹ́rin inú ìlú ìwin, ọjọ́ mẹ́ta ni lẹ́nubodè. Mo ní ẹni tí ó ṣẹ́gun ìlú ìwin, wọn yóò pa màlúù fún un ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìtẹ́ ka ìwé àkọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní ó dára, kí ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe níbí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá. Ìbídùnní ráhùn díẹ̀, ó sì ṣe é. Mẹ́sàn-án mọ́. Kòkòrò jẹ ọ̀kan, ó sì wù ú kí ó yọ ọ̀kan náà kúrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yí kẹ́ẹ̀gì náà wò nídìí, ó rí i pé ó sán. Ó kọ ìyẹn náà.

Láwọyin gbin ẹ̀wà lọ́dún yẹn. Inú kẹ́ẹ̀gì ni ó rọ ọ́ sí bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó dí i pa. Nígbà tí òjò fi dé, ó ṣí i, ó kó ẹ̀wà lé àtẹ́lẹwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò rí ihò kan. Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ ẹ́ yó, wọ́n sì lọ ṣeré.

Wọ́n pe Ìbídùnní láti wá ka iṣẹ́ náà níwájú àwọn onímọ̀ láti ibi gbogbo. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wọ bàtà. Ó kà á tán, àwọn ènìyàn sì fara balẹ̀ gbọ́. Bàbá àgbà kan tí ìwé pọ̀ nílé rẹ̀ dìde. Ó bi í pé obìnrin tí ó ń ṣí kẹ́ẹ̀gì lójoojúmọ́ láti bu ẹ̀wà sè ńkọ́, ọjọ́ mélòó ni kòkòrò yóò fi padà?

 Mo rí Ìbídùnní tí ó ń yí báírò ní ọwọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó.

"N kò mọ̀, sà," ó wí. "N kò tíì wò ó. Ọ̀la ni n ó bẹ̀rẹ̀."

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un, mo tilẹ̀ rò pé èmi ni wọ́n ń pa á fún, mo dìde tẹríba.

Ẹnu mi ti gbẹ, ọ̀rọ̀ mi sì ti tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìtẹ́ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìwé tí ẹ ó kọ orúkọ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ tó wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbọ̀ngàn yìí ní. Máa bọ̀.